Ohùn Tó Sọnù Nínú Àká Fótis

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n tí ẹ jókòó ka ìwé yìí, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé, mo kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tó fún wa ní etí tí a fi ń gbọ́ràn àti ọkàn tí a fi ń rántí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló pọ̀ nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Èmi náà kò mọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ló fi sùúrù ṣàlàyé fún mi títí ó fi yé mi, mo sì gbàgbọ́ pé yóò yé ẹ̀yin náà.

Marigó Kalafáti ni orúkọ obìnrin náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ erékùṣù wa ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Piréọ́sì ti ń gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá gbà fún un. Òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ láti tẹ̀wé, Marigó ni. Bí olórí ìlú gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, Marigó ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni, Sátidé Lásárù ku ọ̀la, àwẹ̀ ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òórùn búrẹ́dì kéékèèké tí wọ́n máa ń mọ bí ènìyàn tó káwọ́ lé àyà ti gba ojú pópó kan láti ilé búrẹ́dì Kalliópi. Marigó ń mu kọfí rẹ̀ láìní wàrà nígbà tí Stamátis, tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ìlú ní ìsàlẹ̀, gòkè wá. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ní èbúté.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo.”

“Kí lo ṣe?”

“Mi ò tíì sọ pé mo ṣe nǹkan kan.”

“Stamátis, ọdún mẹ́jọ la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Tó o bá ti pè mí ní ẹ̀gbọ́n láàárọ̀ kùtù báyìí, o ti ba nǹkan jẹ́.”

Stamátis jókòó. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Orin Bàbá Ánthimos ni. Mi ò rí wọn mọ́.”

Marigó gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ Bàbá Ánthimos ní erékùṣù wa. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin báyìí. Àádọ́ta ọdún ló fi jẹ́ olórí akọrin ní ìjọ tó wà létí òkun, òun nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orin ọ̀fọ̀ ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ lọ́nà tiwa. Ẹnu bàbá rẹ̀ ló ti gbà á. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni àwọn dókítà ní Áténì sọ fún un pé àìsàn ti mú un lọ́fun, wọ́n sì ní láti gé ibi tí ohùn ti ń jáde. Kí ó tó lọ, Stamátis gbé e jókòó sí ilé ìkàwé fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, orin mẹ́tàlélógójì. Ohùn tó kẹ́yìn ẹnu bàbá náà nìyẹn. Láti ìgbà náà, ìwé kékeré kan tó fi okùn so mọ́ ọrùn ló fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Kalliópi oníbúrẹ́dì ló ń kọ́ láti rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á jọ gbọ́ ohùn náà ní ilé ìkàwé, Kalliópi á kọ ọ́ tẹ̀lé e, Bàbá Ánthimos á fi ìka lu orúnkún, á sì mi orí sí èyí tí kò bá dára. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀, ó sì ti mọ bí ìdajì. Nítorí ìyẹn, bí ohùn náà bá lọ, ìdajì orin yẹn ti lọ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á padà lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

“Báwo ló ṣe lọ?”

“Àpò fáìlì méjì ló wà. Ọ̀kan ń jẹ́ Orin Ánthimos, ọ̀kan ń jẹ́ Orin Ánthimos Tuntun. Mo rò pé ohun kan náà ni wọ́n. Mo pa ọ̀kan rẹ́ kí àyè lè wà. Iṣẹ́ búrẹ́dì ò jẹ́ kí Kalliópi wá láti ìgbà yẹn. Ó wá láàárọ̀ yìí, mo ṣí ìkejì fún un, kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Òfìfo ni.”

“Ìgbà wo lo pa á rẹ́?”

“Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Mo rántí dáadáa torí òjò ló dá mi dúró lẹ́yìn tí gbogbo yín ti lọ.”

“O ò ní in sí ibòmíràn? Díìsìkì kékeré yẹn tí mo rà fún ọ ńkọ́?”

“Ó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo nu ún kúrò kí n lè fi kó fíìmù.”

“Fíìmù wo?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má béèrè.”

Marigó kò béèrè. Ó dìde, ó wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ka ọjọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀. Nínú yàrá tútù kan lẹ́yìn ọ́fíìsì Marigó, kọ̀ǹpútà ńlá kan wà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án mìíràn ló ń gbé inú rẹ̀, tí wọn kò ní ara tí a lè fọwọ́ kàn. Ilé ìkàwé ní tirẹ̀, ọ́fíìsì ilẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn tó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun ní tiwọn. Olúkúlùkù wọn ní àká tó ń kó ẹrù rẹ̀ sí. Díìsìkì ni wọ́n fi ń kọ́ àká náà, kan tàbí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n so pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo. Bí àyè bá tán, a ó so díìsìkì mìíràn mọ́ ọn, àká náà á sì fẹ̀ sí i, ẹrù inú rẹ̀ kò ní mì. Lójoojúmọ́, ní aago méjì ọ̀sán, ẹ̀rọ ńlá náà máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo kọ̀ǹpútà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lódindi. Ẹ̀dà ọjọ́ mọ́kànlélógún ló ń pa mọ́. Bí ìkejìlélógún bá ti ń wọlé, èyí tó dàgbà jù á di ohun ìdànù.

Marigó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún kà á. Ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì yẹn ni wọ́n ti ṣe ní aago méjì, kí òjò tó dá Stamátis dúró. Ohùn náà wà nínú rẹ̀. Kò sí nínú ti Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sí nínú èyíkéyìí mìíràn. Ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì yẹn ló sì dàgbà jù nínú mọ́kànlélógún.

“Aago méjì òní ló máa kú,” ló wí.

“Ẹ má jẹ́ kó kú nígbà náà!”

“Ibi ìkẹ́rùsí ti kún, Stamátis. Tí ti àtijọ́ ò bá jáde, ti òní ò lè wọlé. Gbogbo ìwé ilẹ̀ táwọn èèyàn mú wá lánàá àti lónìí, wọn ò ní ní ẹ̀dà kankan títí di ọjọ́ Ajé. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n á mú.”

“Ẹ kúkú dá gbogbo ilé ìkàwé padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn.”

“Kí ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó o kọ síbẹ̀ pòórá? Àyè rẹ̀ gan-an ò sí. Jókòó jẹ́ẹ́. Màá mú àpò yẹn nìkan jáde.”

Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà, tó pè ní olùrànlọ́wọ́, ni Marigó ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ ní oṣù kìíní, ó sì kọ́ tuntun, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ gbogbo wọn, láti ara ẹ̀rọ ìyá. Ẹ̀rọ ìyá yìí ni ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, Pródromos, fi sílẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí a bá nílò kọ̀ǹpútà tuntun, a ó ṣe ẹ̀dà ìyá náà, a ó fún un lórúkọ tó máa jẹ́ níta, iṣẹ́ parí. Nítorí náà gbogbo ọmọ ìyá ló jọra wọn, àpò kan náà, àká kan náà. Pródromos sọ àká náà ní Fótis, bí orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ àkọ́bí lọ́dọ̀ wa.

Marigó ní ìwà kan tó dára. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú fáìlì kékeré kan nínú olùrànlọ́wọ́. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló so díìsìkì ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì yẹn mọ́ olùrànlọ́wọ́, bí ẹni tó gbé àpótí àlejò wọlé. Ìlà bíi mẹ́wàá sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà ń kùn. Kò kà wọ́n. Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ń kùn, bí alága ẹgbẹ́ apẹja. Ó pàṣẹ pé kó ṣí àká Fótis. Ó ṣí i.

Àpò mẹ́ta ló fara hàn, Ìwé, Àwòrán àti Ohùn. Ó ṣí Ohùn. Òfìfo ni.

“Kò sí nǹkan,” ni Stamátis wí lẹ́yìn rẹ̀.

“Mo rí i. Sún sẹ́yìn, ò ń mí sí mi lọ́rùn.”

Ó tú díìsìkì náà, ó so ti Sátidé. Òfìfo ni. Ó so ti ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Òfìfo ni. Ó so ti àná. Bákan náà.

Marigó wá ṣí àpò Àwòrán nínú ti àná. Kò sí nǹkan níbẹ̀ pẹ̀lú.

“Stamátis, àwòrán ìdíje ọkọ̀ tó o kó síbẹ̀ ńkọ́? O pa ìyẹn náà rẹ́?”

“Rárá o! Mo rí wọn láàárọ̀ yìí. Ẹ wá wò ó lórí tèmi.”

Wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Àwòrán ọkọ̀ wà níbẹ̀, igba àti mẹ́rìnlá. Wọ́n sáré gòkè padà. Nínú ẹ̀dà àná, kò sí ẹyọ kan.

“Báwo ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀ lónìí, tí wọn ò sí níbẹ̀ lánàá?” ni Marigó bi ara rẹ̀. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Ó tún so ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ yẹn padà, ó sì fara balẹ̀ wo ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ti rí i. Nínú àpò Ìwé, fáìlì kékeré kan wà. Orúkọ rẹ̀ ni Ohun Tí Mo Fẹ́ Ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni òní. Àkókò tí wọ́n kọ ọ́ ni aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó ṣí i. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láàárọ̀ yìí.

“Kí nìyí?”

Stamátis tẹ̀ síwájú, ó kà á, ó sì fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú lẹ́ẹ̀mẹta. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lèyí?”

“Òun ni.”

“Ó ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ lónìí? Ẹ bá mi bi í léèrè ẹni tó máa wọlé nínú ìbò.”

“Má mú mi rẹ́rìn-ín, Stamátis. Mi ò mọ ohun tí mò ń wò mọ́.”

Lóòótọ́ ni kò mọ̀ ọ́n. Ó ní bí ẹnì kan bá sọ fún òun ní wákàtí yẹn pé òun kò tíì jí lójú oorun, òun ì bá gbà. Ó so ẹ̀dà mìíràn, fáìlì òní wà nínú rẹ̀. Ó so òmíràn, ó tún wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ mọ́kànlélógún tó ti kọjá ló ní ọ̀rọ̀ òní nínú.

Ó pe Pródromos ní Fólọ́sì, ìlú etí òkun tó ń gbé báyìí. Ariwo ìgbì òkun ló kọ́kọ́ gbọ́ lórí fóònù.

“Marigó! Kí lo fọ́?”

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Mi ò fọ́ nǹkan kan.”

“Ìwọ kì í ṣàdédé pè mí. Ọdún tuntun o ò pè, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ o ò pè. Ẹja wà lẹ́nu ìwọ̀ mi báyìí, sọ̀rọ̀ kíá.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Pródromos rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

“Aago ni. Aago kọ̀ǹpútà yẹn ti ya wèrè. Lọ wo aago.”

“Ọ̀gá, báwo ni aago ṣe máa kọ̀wé tí mo kọ?”

“Ṣé èmi ni mo wà níbẹ̀ ni? Àwọn ọmọ mi dáa. Mo tọ́ gbogbo wọn bákan náà, kò sí èyí tó yàtọ̀. Wo aago. Ó ti gbé ìdẹ mi lọ! Ó dàbọ̀.”

Marigó wo aago. Aago pé pérépéré.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù gidi wá bà á, nítorí ó rò pé ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ìdọ̀tí ló ń kó pa mọ́ lójoojúmọ́, tí òun sì ń sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó gbìyànjú èyí, ó gbìyànjú tọ̀hún. Ó pa olùrànlọ́wọ́, ó tún tan án. Stamátis ra ólífì àti búrẹ́dì wá, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú.

“Gbọ́,” ló wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Mo ti ṣí ẹ̀dà yẹn nígbà mẹ́fà. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Tí mo bá dì í mú, mò ń di òfìfo mú ni, ìwé ilẹ̀ gbogbo ìlú á sì wà láìní ẹ̀dà. Mo máa jẹ́ kó lọ.”

Stamátis fi ọwọ́ bo ojú.

Marigó di ojú, ó sì gbàdúrà kúkúrú kan nínú ọkàn rẹ̀, àdúrà tí kò ní ju ‘Olúwa, kò yé mi’ lọ. Nígbà tó la ojú, Bàbá Ánthimos ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ fìlà rẹ̀. Kalliópi ti sọ fún un.

Marigó dìde kíá. “Bàbá, ẹ wọlé. Ẹ jókòó. Bàbá, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.”

Bàbá náà jókòó. Inú kò bí i, tàbí bí ó bá bí i, kò hàn. Ó mú ìwé kékeré rẹ̀, ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó sì yí i sí wọn: *Sọ bí o ṣe ń ṣe é fún mi.*

“Kò ní yé yín, Bàbá.”

Ó na ìka sí ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ni Marigó bá ṣàlàyé, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé. “Ẹ wò ó. Ẹ̀dà yẹn dà bí àpótí. Mo gbé àpótí náà wá sínú ilé yìí. Àká wà nínú ẹ̀, Fótis lorúkọ àká náà. Mo wá sọ fún ẹ̀rọ yìí pé, ṣí Fótis fún mi. Ó ṣí Fótis. Kò sí nǹkan níbẹ̀.”

Bàbá Ánthimos kọ̀wé: *Fótis wo?*

“Fótis náà ni, Bàbá. Kì í ṣe èèyàn. Orúkọ àká ni.”

Bàbá fa ìlà sí abẹ́ *wo*. Ó tún kọ̀wé, ó pẹ́ díẹ̀ lórí èyí: *Fótis mẹ́rin ló wà nínú ẹbí wa. Bí ìyàwó mi bá pe Fótis láti ilé ìdáná, èyí tó wà nínú ilé ló ń dáhùn. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í gbọ́.*

Stamátis kà á, ó ní, “Òótọ́ ni. Tiwa náà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀kan ní Fótis Arọ, tí wọ́n ń pe èkejì ní Fótis Alágbẹ̀dẹ.”

Marigó ti yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó rọra bi olùrànlọ́wọ́ léèrè ohun tí kò bi í rí: àká tìrẹ ńkọ́, kí lorúkọ rẹ̀? Ó dáhùn pé Fótis.

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà padà sókè, sí àwọn ìlà tí ẹ̀rọ ti ń kùn láti àárọ̀. Ó wá kà wọ́n nísinsìnyí. Ẹ̀rọ náà kò sọ ju ohun kan lọ, ó sì ti sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tó so díìsìkì mọ́ ọn: *Mo rí àká méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan, tí àmì inú wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Èyí tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni màá máa lò lọ.*

“Yéè, èmi Marigó!”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ni Stamátis béèrè.

“Ilé ara rẹ̀ ló ń ṣí fún mi! Láti àárọ̀! Mò ń gbé àlejò wọlé, mò ń pe Fótis, onílé ló ń dáhùn. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí mo kọ láàárọ̀ fi wà níbẹ̀. Mi ò tíì ṣí ẹ̀dà yẹn rárá. Mi ò tíì fojú kan inú ẹ̀!”

“Ó wà níbẹ̀ nígbà náà?”

“Mi ò mọ̀. Mi ò tíì wò ó, mo ní!”

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó sún àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ṣe ẹ̀dà sí aago méjì ààbọ̀. Kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ní ẹ̀dà kí àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ sílé. Ó ṣe ẹ̀dà fẹ́lẹ́ kan sórí ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì yẹn tí òun lè kọ nǹkan sí, kí ó má bàa ba ti gidi jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá àṣẹ tó ń yí orúkọ àká àlejò padà, tó sì ń fún un ní àmì inú tuntun tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀, kí wọ́n tó jí i lójú oorun.

“Orúkọ wo ni ká fún un?”

“Fótis Olórin,” ni Stamátis wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kọ̀. Ó ní òun kò rí gbogbo ara àká náà, apá kan kò sí níbẹ̀.

“Kí ló tún dé?” Lọ́tẹ̀ yìí, Marigó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Apá kan kò sí. Apá wo? Ó wo ẹ̀dà náà, ó rí i pé díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni òun sì ti ń so láti àárọ̀. Ó gbá orí ara rẹ̀. “Èmi náà ni mo so ìkejì mọ́ àká ilé ìkàwé lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìwọ Stamátis ní àyè ti tán.”

“Mo mọ̀ pé ẹ máa rí ọ̀nà tí ẹ máa gbà dá mi lẹ́bi.”

“Dákẹ́.”

Ó so ìkejì. Ó tún pàṣẹ náà. Ẹ̀rọ kùn díẹ̀, ó sì gbà. Marigó jí Fótis Olórin, ó sì sọ pé kó ṣí i, kìkì wíwò, kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sí i. Àpò mẹ́ta jáde, Ìwé, Àwòrán, Ohùn, wọ́n jọ ti àárọ̀ gẹ́lẹ́. Kò kọ́kọ́ ṣí Ohùn. Ó ṣí Ìwé. Fáìlì òní kò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló mí.

Ó wá ṣí Ohùn, ó sì ṣí àpò orin tó wà nínú rẹ̀.

“Kà á,” ló wí fún Stamátis, nítorí omi ti gba ojú rẹ̀.

“Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta…” Stamátis ka gbogbo rẹ̀ sókè, ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Mẹ́tàlélógójì. Mẹ́tàlélógójì, ẹ̀gbọ́n! Ẹ jẹ́ kí n gbá yín mọ́ra.”

“Má fọwọ́ kàn mí. Má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan nínú ilé yìí.”

Ó kó gbogbo rẹ̀ sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ṣí ọ̀kan nínú ibi kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó lè dá a lójú. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló tú àlejò náà sílẹ̀. Ní ààbọ̀, ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì àtijọ́ kú, ti òní sì wọlé.

Kò sí ẹni tó lọ sílé nínú wọn. Kalliópi ti dé, ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgbúnwọ́, kò sì lè dúró jẹ́ẹ́.

“Ṣé ó wà? Ẹ sọ̀rọ̀ o, mo fi búrẹ́dì sílẹ̀ nínú ààrò!”

“Ó wà,” ni Marigó wí. “Jókòó. Èwo lo wá fẹ́ gbọ́ láàárọ̀?”

“Ìkọkàndínlógún. Èyí tí mi ò mọ̀.”

Marigó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń hó lẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn náà ni ohùn jáde, ohùn ọkùnrin arúgbó, ó nípọn, ó ha díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, tó ń fẹsẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀. Bàbá Ánthimos fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga. Ètè rẹ̀ ń mì. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lu orúnkún. Stamátis lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

Ní àárín orin náà, bàbá na ọwọ́ sókè. Marigó dá a dúró kíá.

“Kò dára ni, Bàbá? Ó bàjẹ́ ni?”

Bàbá Ánthimos mi orí pé rárá, kò bàjẹ́. Ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́, Kalliópi ló sì fún. Ó kà á sókè:

“*Èémí ló tán nínú mi níbí, ni mo ṣe gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Ìwọ má gé e. Bàbá mi kò gé e.*”

Kalliópi nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ ìdáná. Ó fa èémí sínú dáadáa, ó sì kọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò gé e, ohùn rẹ̀ sì gba ibi tí bàbá ti dúró kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ sí òpin. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sílé dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì wọn lọ́wọ́.

Bàbá náà tẹ orí ba díẹ̀, bí a ṣe máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà: *Tún un kọ.*

Kalliópi tún un kọ. Marigó jókòó tì wọ́n, ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò, kò tíì dá a lójú tán pé òun ti jí. Nígbà tó yá, ó fa ìwé kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó sì ń ronú orúkọ tuntun tí àká kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó dé ìkẹrin kó tó rántí búrẹ́dì.

“Kalliópi, ààrò!”

“Jẹ́ kó jó,” ni Kalliópi wí, ó sì mú orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí yìí, ohun rere tó sọnù lọ́wọ́ yín, kí Ọlọ́run fi ibi tó wà hàn yín. Bí nǹkan bá dojú rú mọ́ yín lójú, kí Ó rán ẹni tó máa béèrè ìbéèrè tó tọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Ohùn àwọn tí ẹ fẹ́ràn kò ní parẹ́ ní ilé yín, àwọn ọmọ yín yóò sì gba orin náà lẹ́nu yín láìgé e. Àmín.